Ọwọ́ Tó Ń Jẹ́rìí fún Ìpara

Obìnrin kan wà tó ń ta ìpara ní kẹ́míìsì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe pé ó ń lọ sí kóòtù o. Kóòtù kankan kò pè é rí, Ọlọ́run má sì jẹ́ kí wọ́n pè é. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń wí. Bí oníbàárà bá dé iwájú káńtà rẹ̀, tó gbé ìgò ìpara kan, tó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ni ín, Ìyá Ẹlẹ́rìí kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò kàn tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí gíláàsì káńtà, yóò ní, "Òsì rè é, tó ń lo ìpara. Ọ̀tún rè é, tí ìpara ò kàn rí. Ẹ fi ojú yín wò ó."

Ọwọ́ náà sì tó wò. Ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ń dán, ó ṣe múlọ́múlọ́, awọ rẹ̀ bá eegun mu. Ti ọ̀tún ti hunjọ láti ọrùn ọwọ́ títí dé oríkèé ìka, àmì dúdú wínníwínní sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Bí èèyàn bá rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á búra pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò ni. Àwọn ọlọ́gbọ́n ojú máa ń sọ pé, "Màmá, ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ jù, ìdí nìyẹn tó fi gbó." Ìyá Ẹlẹ́rìí á rẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́ òsì ni láti kékeré. Òsì ló fi ń kọ̀wé, òsì ló fi ń fọṣọ, òsì ló fi na àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí nínà ṣì tọ́ sí wọn. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ jù ló tún ń dán jù. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn? Oníbàárà á tú àpò.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n àtijẹ ni. Òdodo ló bí i. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà tí Ọ̀gá Àgbà tó ni kẹ́míìsì náà gbà á síṣẹ́, ó sì ti rí àwọn olùtajà tó ń fi ẹnu gbé ọjà tí wọn ò tíì fi kan ara wọn rí. Ìyẹn máa ń bí i nínú gan-an. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé, "Èmi ò lè ta ohun tí mi ò mọ̀, sà." Ó wá rò ó pé bí òun bá fi ìpara pa ọwọ́ méjèèjì, ta ni yóò mọ bí ọwọ́ ì bá ṣe rí láìsí ìpara? Ló bá yan òsì fún ìpara, ó fi ọ̀tún sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Láàárọ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn, yóò pa á. Lọ́sàn-án tó bá jẹun tán, yóò pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ kó tó ti ìlẹ̀kùn, yóò tún pa á. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe é láìpa ọjọ́ kan jẹ. Àwọn tó gboyè rẹpẹtẹ nídìí ìwádìí, mélòó nínú wọn ló ní sùúrù bẹ́ẹ̀?

Ó tún ní ìṣe kan. Kì í ṣàdédé na ìgò sí oníbàárà. Yóò gba ọwọ́ onítọ̀hún, yóò fi òsì bu ìpara díẹ̀, yóò sì fi ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti àtàńpàkò dé ọmọńdinrín, ìka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkókò tirẹ̀. Bí èrò bá tò sẹ́yìn, kí wọ́n ní sùúrù. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ra oògùn orí fífọ́ lápá ọ̀hún.

Àwọn tí kì í kánjú ni àwọn ìyá Ọjọ́bọ̀. Méje ni wọ́n, gbogbo wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì máa ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan tó wà ní òdìkejì títì láti hun súwẹ́tà. Bí wọ́n bá hun ún tán, kẹ́míìsì ló kàn. Tíṣà ni olórí wọn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, títí dòní, tó bá wo èèyàn lójú, onítọ̀hún á máa ronú bóyá òun ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí Tíṣà bá mú ìgò aláwọ̀ búlúù, ìgò aláwọ̀ búlúù méje ló ń jáde lọ́jọ́ náà. Àwọn méje yìí náà ló ń sọ fún àwọn àbúrò, àwọn ọmọ àti àwọn ará ilé wọn. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, orí Tíṣà ni káńtà náà dúró lé.

Ìpara kọ́lájìn ló wà nínú ìgò búlúù náà. Kọ́lájìn ni èròjà tó di awọ ara mú, bí okùn ṣe di ẹní pọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, ó ń dín kù lára, awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ jọ. Àlàyé tí Ìyá Ẹlẹ́rìí máa ń ṣe fún oníbàárà kò le: ohun tó dín kù la ń dá padà. Ta ni kò ní gbà?

Ẹni tí kò gbà ni ọmọ Ọ̀gá Àgbà. Orúnkún ló lé Ọ̀gá Àgbà wọlé lọ́dún tó kọjá, ó sì fa kẹ́míìsì lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Apòògùn ni ọmọ náà, ó kàwé, ó níwà, kì í gbóhùn sókè. Ìyá Ẹlẹ́rìí mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń jókòó sábẹ́ káńtà jẹ bisikíìtì. Lọ́jọ́ kan, Apòògùn gbé paálí mẹ́fà wọlé, ó to agolo páúdà funfun sórí pẹpẹ, ó ní kọ́lájìn mímu ni, omi la ó fi pò ó, ìwọ̀n ṣíbí kan lójúmọ́.

"Kí ni ti mímu?" Ìyá Ẹlẹ́rìí bèèrè. "Ṣé èyí tá a ń fi para ò dáa mọ́ ni?"

"Mà, ẹ má bínú sí mi o. Kọ́lájìn inú ìpara tóbi jù, kò lè wọ inú awọ. Orí awọ ló ń jókòó sí. Ó ń jẹ́ kó rọ̀, kì í jẹ́ kó gbẹ, ó parí síbẹ̀."

"Èyí tí wọ́n ń mu wá ńkọ́? Ikùn ló ń gbà lọ sí ojú?"

Apòògùn rẹ́rìn-ín. "Ikùn á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e káàkiri. Àwọn ìwádìí kan sọ pé ó ń ran awọ lọ́wọ́ díẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, àwọn tó ń tà á ló sanwó púpọ̀ nínú ìwádìí yẹn. Èyí tí kì í ṣe tiwọn, èrè rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn."

"Ó dáa, ọmọ mi." Ìyá Ẹlẹ́rìí tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí gíláàsì. "Èmi ò kàwé tó ẹ. Ṣùgbọ́n wo èyí, kí o ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

Apòògùn wò ó títí, ó padà sídìí paálí rẹ̀. Inú Ìyá Ẹlẹ́rìí dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Àgbà tó bá borí ọmọwé lọ́sàn-án gangan, oúnjẹ ọjọ́ náà á dùn lẹ́nu rẹ̀.

Àmọ́ ìwà òdodo rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Òun tó ní òun kì í ta ohun tí òun ò mọ̀, ó di dandan kó dán páúdà náà wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lọ́. Bí òun bá mu ún, báwo ni òun ṣe fẹ́ bẹ ọwọ́ ọ̀tún pé kó má jẹ níbẹ̀? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní láti lọ bá Apòògùn. Ọwọ́ ọmọdé ò kúkú tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè.

"Ẹlòmíì ni kó máa mu ún, Mà," Apòògùn dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ẹ má mu ún. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ onítọ̀hún dáadáa, kẹ́ ẹ kọ bó ṣe rí sílẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀."

Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe ọkọ rẹ̀? Ọkùnrin náà ti wa tírélà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń mu. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá Ẹlẹ́rìí tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun sórí tábìlì, ó gbé ìwé àti bírò kalẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì wá síbí."

"Ṣé o fẹ́ tà wọ́n ni?"

"Ta ni yóò rà wọ́n? Ẹ gbé wọn wá."

Ọkọ rẹ̀ ká apá aṣọ sókè, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí táwẹ́ẹ̀lì. Ìyá Ẹlẹ́rìí wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ bírò, ó wò ó. Bírò dúró sókè. Ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ hunjọ láti orí ìka títí dé ìgbọ̀nwọ́, àmì dúdú wínníwínní kún un. Ọ̀tún ń dán, ó jọ ọwọ́ ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó máa ń yangàn pé òun kì í gbójú fo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ tó sì ń gbé abọ́ níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọdún gbọọrọ, kò wò ó rí.

"Kí lẹ fi ń pa ọ̀tún?" ló bi í.

"Èmi? Pa kí ni? Ṣé o rí mi pẹ̀lú ìpara rí?"

"Kí ló wá ṣe òsì?"

"Òsì kẹ̀?" Ọkùnrin náà gbé e sókè, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. "Ọwọ́ fèrèsé nìyí. Kò sí dírẹ́fà ọlọ́nà jíjìn tí kò ní in. Oòrùn ló ń jẹ ẹ́."

"Ẹ máa ń ṣí gíláàsì sílẹ̀, àbí?"

"Nígbà òtútù, ta ló ń ṣí gíláàsì? Ó ń ti inú gíláàsì jẹ ẹ́." Ó fa ife sún mọ́ra. "Níbo ni páúdà náà wà? Ṣé ó dùn?"

Ìyá Ẹlẹ́rìí kò pò páúdà kankan lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, ó dé ẹnu iṣẹ́, ó jókòó sórí àga rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àga náà kò kúrò lójú kan láti ọdún mọ́kàndínlógún. Fèrèsé ńlá wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Pẹpẹ gíga tí wọ́n to ọṣẹ sí wà lápá òsì. Bó ṣe di aago méjì ọ̀sán, oòrùn wọlé láti fèrèsé, ó gun orí káńtà, ó sì tẹ́ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì wà nínú òjìji pẹpẹ ọṣẹ. Ìyá Ẹlẹ́rìí kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó ń wò ó títí ó fi di aago mẹ́fà, bí ẹni tó mọ olè ilé rẹ̀ níkẹyìn. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé ó fẹ́ràn oòrùn náà. Ó máa ń ní in lọ́kàn pé ó ń bá òun mú ara yá.

Ó pe Apòògùn, ó fi hàn án. Ọmọ náà wo fèrèsé, ó wo ọwọ́, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣàlàyé pé gíláàsì kì í dí gbogbo ìtànṣán oòrùn lọ́nà, pé èyí tó ń ba kọ́lájìn inú awọ jẹ́ gan-an ń kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò yọ̀ mọ́ ọn. Ó kàn di èjìká rẹ̀ mú.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Ìyá Ẹlẹ́rìí kò tilẹ̀ tíì pé ogún ọdún, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í béèrè bóyá èèyàn mọ̀ọ́mọ̀. Ó tì í lójú débi pé nígbà tó ń lọ sílé, inú àpò aṣọ ló kó ọwọ́ méjèèjì sí.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tíì tó, lọ́jọ́ kejì ni aṣojú ilé-iṣẹ́ páúdà dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, táì ọrùn rẹ̀ gùn ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà sì gùn. Ó ti gbọ́ nípa ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó wò wọ́n, ojú rẹ̀ tàn bíi ti ẹni tó rí owó he.

"Màmá, fọ́tò lásán la fẹ́ yà. A ó gbé e sí pátákó ìpolówó ńlá. A ó kọ 'Kó tó mu ún' sábẹ́ ọ̀tún, a ó kọ 'Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta' sábẹ́ òsì."

"Ta ló mu ún?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá."

"Nígbà wo?"

"Ẹ máa mu ún. Paálí kan á máa wá fún yín lóṣooṣù. Owó á sì tún wà níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí páúdà bá ń tà, káńtà yìí, tiyín ni. Kò sẹ́ni tó máa lé yín."

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ronú sí i. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́? Ó wo àga rẹ̀, ó wo ìgò tó tò jọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ronú bí ilé ṣe máa rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí kò sí ibi tó ń lọ. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá wo ọwọ́ méjèèjì, ó kó wọn kúrò lórí gíláàsì.

"Ọmọ mi," ló wí, "ọ̀nà ọ̀fun kan ṣoṣo ni mo ní. Ohun tí mo bá gbé mì, báwo ló ṣe máa yà sí òsì tí kò ní yà sí ọ̀tún? Àbí o ti fi páìpù sí i ni?"

"Àwọn tó máa wo pátákó ò ní ronú débẹ̀, Màmá."

"Èmi ti ronú débẹ̀. Máa lọ."

Onítáì yíjú sí Apòògùn, Apòògùn ní ohun tí Màmá bá wí ni òun náà wí. Ó kó bàágì rẹ̀ jáde.

"Mo fẹ́ sọ fún wọn," Ìyá Ẹlẹ́rìí wí. "Lọ́jọ́bọ̀. Mo fẹ́ sọ fún Tíṣà."

Apòògùn fa àga kan, ó jókòó tì í. "Mi ò ní dá yín dúró, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ọwọ́ yín ló ń ta gbogbo ohun tó wà lórí káńtà yìí. Tí Tíṣà bá bínú lọ, gbogbo wọn lọ nìyẹn. Tí wọn ò bá padà wá kí oṣù tó parí, mi ò ní lè dá káńtà yìí dúró. Agbára mi ò gbé e."

"Mo gbọ́."

"Ẹ lè dákẹ́, kẹ́ ẹ kàn yí àga padà."

"Mo lè dákẹ́," Ìyá Ẹlẹ́rìí wí.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ilé, ṣùgbọ́n bí àwọn méje náà ṣe wọlé pẹ̀lú bàágì òwú wọn, tí Tíṣà na ọwọ́ sí ìgò búlúù, gbogbo ohun tó tò ló tú ká.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ọwọ́ mi ti parọ́ fún yín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ti fèrèsé, ti oòrùn, ti ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó sọ pé kọ́lájìn inú ìpara kì í wọ awọ lọ. Ó sọ pé ti páúdà mímu, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, bóyá kò ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní aṣọ alápá gígùn, òjìji àti ìpara tó ń dènà oòrùn ló dá òun lójú, àwọn yẹn náà kò sì lè sọ arúgbó di ọmọdé.

"Àbúrò," ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà pariwo, "omi lásán la wá fi ń para látọjọ́ yìí?"

"Kì í ṣe omi lásán, mà. Ó ń jẹ́ kí awọ rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgò funfun tó wà nísàlẹ̀ yẹn, tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe."

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Ṣé o mọ̀ nígbà tí ò ń sọ ọ́ fún wa?"

"Rárá, mà."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ Àìkú."

"Ọdún mọ́kàndínlógún," Tíṣà wí, bí ẹni tó ń kọ ìdáhùn tó kùnà sára pátákó. Ó ti bàágì rẹ̀. "Mi ò bínú torí owó. Ó kàn dùn mí ni. Mo máa ń fi ẹ́ ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn èèyàn."

Ó jáde. Àwọn mẹ́fà tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan. Ìyá Ẹlẹ́rìí kò sunkún níṣojú Apòògùn, ó dúró dìgbà tó dé yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń kó paálí sí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn ò wá. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti gbọ̀ngàn òdìkejì, ó sì rí wọn nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n yà sápá ibòmíràn. Oníbàárà mìíràn ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ra ìgò funfun kékeré tàbí kí wọ́n má ra nǹkan kan. Òótọ́ korò, kì í sì í tà. Ọjọ́bọ̀ kejì tún kọjá bẹ́ẹ̀. Apòògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò búlúù sínú paálí láti dá wọn padà. Ìyá Ẹlẹ́rìí ń ràn án lọ́wọ́ kó wọn. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń dágbére fún gbogbo ibẹ̀, ó sì ń dùn ún gan-an.

Ọjọ́bọ̀ kẹta ló gbẹ̀yìn oṣù. Bí aago mẹ́rin ti ń lù, ìlẹ̀kùn ṣí, Tíṣà wọlé, òun nìkan. Ó wọ aṣọ alápá gígùn. Ó dé iwájú káńtà, ó gbé bàágì kalẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà," Ìyá Ẹlẹ́rìí kí i. Ó ti dìde.

"Jókòó. Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán."

Ó jókòó.

"Mo lọ sí ibòmíì," Tíṣà wí. "Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀. Ó yára, ó lẹ́wà, ó ní páúdà òun á sọ mí di ọmọ ogójì ọdún. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n wá fi ọjọ́ orí yẹn ṣe. Kò mọ̀ ọ́n. Ó kó nǹkan sínú láílọ́ọ̀nù, ó jù ú sí mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Mo délé, mo fi ra ọwọ́ mi fúnra mi." Ohùn kíláàsì ti kúrò lẹ́nu Tíṣà. "Ṣé o mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, tí àwọn ọmọ ti lọ, kò sí ẹlòmíì tó ń di ọwọ́ mi mú? Dókítà ń fi ìbọ̀wọ́ kàn mí. Àwọn ọmọ ń pè mí lórí fóònù. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni."

Omi ti bo ojú Ìyá Ẹlẹ́rìí.

"Má wulẹ̀ sunkún sí mi lára. Àwọn tó kù wà níta, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wọlé, wọ́n ń bẹ̀rù pé o máa bínú sí wa." Tíṣà ká apá aṣọ sókè, ó na ọwọ́ sórí gíláàsì. Ọwọ́ arúgbó ni, ó hunjọ. "Èyí tó kéré jù lówó ni kí o mú. Ẹ̀kọ́ ti parí. Ra á fún mi."

Ìyá Ẹlẹ́rìí ṣí ìgò funfun, ó bu díẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àtàńpàkò.